Ṣé Ọlọ́run Tí Ó Wà Ní Jerúsálẹ́mù Kò Sí Ní Ṣágámù Ni?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi ni àdúrà ti sú mi. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Alàgbà kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé ìrìnàjò sí Jerúsálẹ́mù ni yóò sọ ìgbàgbọ́ mi jí, nítorí pé òun náà lọ, ó sì padà dé bí ẹni tuntun. Èmi àti ìyàwó mi ní owó díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èyí tí a fẹ́ fi kan páànù ilé wa. Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé Ọlọ́run tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù kò sí ní Ṣágámù ni? Bí ó bá wà níbí, kí ni a ń wá lọ sí ọ̀nà jíjìn? Bí kò bá sì sí níbí, ta ni a ti ń gbàdúrà sí láti ọjọ́ yìí wá?

* * *

Èsì mi àkọ́kọ́

Arákùnrin, lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀yìn ìyàwó yín ni mo wà. Ẹ fi owó páànù kan páànù. Jésù kò fi ìrìnàjò sí ilẹ̀ mímọ́ ṣe òfin fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ibì kan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí a ti sọ pé ẹni tí kò bá dé Jerúsálẹ́mù kò ní rí ìgbàlà. Ẹni tí ó bá yá owó lọ, tàbí tí ó fi ilé sílẹ̀ fún òjò kí ó lè lọ, gbèsè àti àníyàn ni yóò máa dúró dè é nílé, kò sì ní pẹ́ tí ohun tí ó rí lọ́hùn-ún yóò fi pòórá lọ́kàn rẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn Kristẹni ti ń jiyàn lé e. Àwọn kan a di ìdáhùn Jésù fún obìnrin ará Samáríà mú, nínú Jòhánù orí 4, níbi tí ó ti sọ pé wákàtí ń bọ̀ tí kì yóò jẹ́ orí òkè yìí tàbí Jerúsálẹ́mù ni a ó ti máa sin Baba. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn kejì a ní kí a má gbàgbé pé àwọn òbí Jésù a máa lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dọọdún fún àjọ̀dún Ìrékọjá, pé wọ́n mú òun náà dání nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 12, àti pé Orin Dáfídì 120 títí dé 134 ni a pè ní orin ìgòkè. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti fi ẹsẹ Bíbélì wọ̀nyí na ara wọn títí ìpàdé fi tú, tí kò sì sí ẹni tí ó yí ọkàn padà.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ Jésù mú kí ibi gbogbo yẹ fún ìjọsìn, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ pé kí a jókòó sójú kan. Òun alára tí ó sọ ọ́, ojú ọ̀nà ni ó wà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sí etí kànga, ó ń tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọlọ́run kò sún mọ́ Jerúsálẹ́mù ju Ṣágámù lọ. Àwa ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí mo bá wà ní ilé mi, tí mo mọ ẹni tí n óò tọ̀ lọ bí gàrí bá tán, tí mo mọ nọ́ọ̀sì tí yóò dá mi lóhùn lóru, tí mo sì ní ẹ̀gbọ́n tí yóò bá mi gba ọ̀rọ̀ sọ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ó lè pẹ́ gan-an kí n tó mọ ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ní ti gidi. Ojú ọ̀nà a gba gbogbo ìwọ̀nyí lọ́wọ́ ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, a sì rí ohun tí ó kù.

* * *

Fún ẹni tí ó sọ pé afẹ́ olówó ni gbogbo rẹ̀

Lẹ́yìn èsì mi àkọ́kọ́, àwọn òǹkàwé mìíràn náà dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan nínú wọn sì ní afẹ́ olówó ni irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé owó kékeré kò gbé ènìyàn dé Jerúsálẹ́mù. Síbẹ̀, bí a bá wo àwọn tí ìrìnàjò sọ di ẹni tí ó mọ Ọlọ́run, díẹ̀ nínú wọn ni ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì fẹ́ lọ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a mú Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Nígbà tí ó padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ó bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn, ìyá náà sì ṣe ìrìbọmi ní 1848. N kò sọ pé oko ẹrú dára. Ìwà ìkà ni, n kò sì gbà pé Ọlọ́run ni ó rán àwọn tí ó jó ìlú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọkùnrin tí wọ́n fi okùn fà kúrò nílé rí Ọlọ́run níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, àti pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ tí ó mú kí odindi Bíbélì wà ní èdè wa ní 1884. Àwa tí a ń ka ìlérí Ọlọ́run ní èdè ìyá wa lónìí ń jẹ àǹfààní ìrìnàjò tí ẹni tí ó rìn ín kò yàn.

Àwa Ìjẹ̀bú náà ní láti rántí pé arìnrìnàjò ni ó gbé ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n a máa kì wá pé Ìjẹ̀bú-Òde ni ìlú tí àjèjì kò gbọdọ̀ wọ̀, pé bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́. Bí oríkì tilẹ̀ máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀nà wa há mọ́ àwọn oníwàásù ní tòótọ́ títí di ogun Ìmàgbọ̀n, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ní 1892. Lẹ́yìn náà ni ìsìn Kristẹni àti ìsìn Ìsìláàmù tàn kíákíá láàárín wa. Ogun náà dun àwọn baba wa, ó sì tọ́ kí ó dùn wọ́n. Àwọn oníwàásù tí ó wá tẹ̀ lé e ni mo ń dúpẹ́ fún, pàápàá àwọn Yorùbá bíi tiwa tí wọ́n wọ inú ìlú tí wọ́n ti gbọ́ oríkì rẹ̀ kí wọ́n tó dé.

* * *

Arábìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde takò mí

Ó ní àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù lọ ní ìlú wa jẹ́ ti àwọn tí kò lọ síbì kankan. Ó tọ̀nà, inú mi sì dùn pé ó mú un wá. Ní 1918, nígbà tí àrùn lukutupẹ́bẹ́ (èyí tí Òyìnbó ń pè ní influenza) ń pa ènìyàn káàkiri ayé, tí ó sì bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Shadare ṣáájú wọn, kóra jọ láti máa gbàdúrà. Olùkọ́bìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Nínú irú àwọn ẹgbẹ́ àdúrà bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì wà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọkọ̀ kí Ọlọ́run tó gbọ́ wọn.

Mo gbà. Ohun kan péré ni mo fi kún un: ikú tí ó wọlé yẹn ti sọ ilé wọn di ojú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n gbára lé tẹ́lẹ̀, oògùn àti oníṣègùn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́.

* * *

Lórí àdúrà garéèjì àti táyà ọkọ̀

Ibí ni ìjiyàn yín ti gbóná jù. Ẹni tí ó bá ń wọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ ṣí, ẹnì kan yóò ní kí gbogbo èrò dijú, yóò fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo awakọ̀, yóò fi bo ẹ́ńjìnnì, yóò fi bo ojú títì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan nínú yín ní àdúrà náà ti tó, pé ẹni tí ó bá tún ń wo táyà kò nígbàgbọ́. Àwọn mìíràn ní àṣà lásán ni, kí a lọ wo táyà.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 dáadáa. Èrò 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún wọn ṣáájú pé àsìkò ti burú, wọn kò gbọ́. Nígbà tí ìjì dé, áńgẹ́lì dúró tì í lóru, ó sì ṣèlérí pé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni kò ní ṣòfò. Ìlérí ti wà nílẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ fọgbọ́n gbé ọkọ̀ kékeré sá lọ, Pọ́ọ̀lù sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró nínú ọkọ̀, wọn kò lè là. Ó rọ gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹun. Wọ́n da àlìkámà sínú òkun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ọkọ̀ náà fọ́, àwọn tí ó mọ ìwẹ̀ wẹ̀, àwọn ìyókù gun pákó, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ láàyè. Ẹni tí ó gba ìlérí ni ó tún ń ṣọ́ ọkọ̀ kékeré. N kò rí ibi tí àdúrà àti táyà ti ń bá ara wọn jà nínú ìtàn yìí.

Mo rí irú rẹ̀ rí lójú títì Ìbàdàn sí Èkó. Ọkọ̀ agbépo kan dànù nítòsí Ògèrè lóru, mọ́tò tí ó gbé wa kò sì lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Òórùn epo ń dé ọ̀dọ̀ wa. Awakọ̀ pa iná ọkọ̀, ó ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ kí a rìn padà sẹ́yìn, kí a jìnnà síbẹ̀. Bàbá kan ní òun kò ní sọ̀kalẹ̀, nítorí pé a ti gbàdúrà ní garéèjì, ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ń pe Ọlọ́run ní òpùrọ́ ni. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó gbé búrẹ́dì láti Ìbàdàn fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Bàbá, bóyá awakọ̀ yìí ni ìdáhùn àdúrà tí a gbà." Ó di ọwọ́ bàbá náà mú, ó mú un sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ. A rìn jìnnà, a jókòó sí etí títì nínú òkùnkùn, ìyá náà tú búrẹ́dì rẹ̀, ó gbàdúrà sí i, ó sì ń gé e lé wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Iná kò sọ lóru ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ pé kò ní sọ nígbà tí a ń jẹ búrẹ́dì yẹn, a sì dúpẹ́ lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, tí mo ka ibi tí Pọ́ọ̀lù ti mú àkàrà, tí ó dúpẹ́ lójú gbogbo wọn kí ọkọ̀ tó fọ́, mo ní ẹni tí mo lè fojú rí nínú ẹsẹ náà.

Nítorí náà, bí awakọ̀ kò bá tíì sùn, ẹ má gbàdúrà kí Ọlọ́run máa bá a wakọ̀. Ẹ sọ fún un kí ó lọ sùn, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ mìíràn.

* * *

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo rí ní ilẹ̀ mímọ́

Mo lọ, inú mi sì dùn pé mo lọ. Mo ti tọ́jú owó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ mi sì ti kúrò nílé ìwé.

Ìjọ oríṣiríṣi ni ó ń pín ilé ìjọsìn tí a kọ́ sí ibi tí ọ̀pọ̀ gbà pé a ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú, tí a sì sin ín. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni igun yìí tàbí igun yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn, ìdílé Mùsùlùmí méjì ni ó sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wá. Èyí mú ọkàn àwọn kan tí a jọ lọ rẹ̀wẹ̀sì. Èmi rò pé Olúwa tí kò dúró de ìṣọ̀kan wa kí ó tó jíǹde kò ní dúró de ìgbà tí ìjọ mi ní Rẹ́mọ bá parí aáwọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbọ́ mi.

Òkun Gálílì ni ó ṣe mí láǹfààní jù. Omi tí kò níyọ̀ ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 21. Ọ̀sà tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń tukọ̀ lé gùn jù ú lọ. Òkè yí i ká, ojú rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 210 rẹlẹ̀ ju ojú òkun ńlá lọ, ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ fi lè já wá láti orí òkè lójijì. Láti etí kan, ènìyàn ń rí òdì kejì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí ó ké pe Jésù pé àwọn ń ṣègbé kò sí lójú omi àjèjì. Apẹja ni àwọn kan nínú wọn. Ibi iṣẹ́ wọn nìyẹn. Níbi iṣẹ́ wọn ni ìjì ti bá wọn, ìmọ̀ iṣẹ́ wọn kò sì tó. Arákùnrin, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Lórí omi Jọ́dánì tí ẹnì kan béèrè: mo mọ̀ pé Náámánì, ọ̀gágun Síríà tí ó wẹ̀ nínú Jọ́dánì tí ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ fi san, bù erùpẹ̀ ẹrù ìbaaka méjì padà sílé, ó sì lè wu ènìyàn láti ní ohun ìrántí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́bọ̀ ra ìgò omi lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣèlérí fún yín pé yóò dá iṣẹ́ yín padà. Odò tí ó wẹ Náámánì mọ́ wúlò fún un nítorí pé ó gbọ́ràn. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn odò Dámásíkù dára jù ú lọ.

Lórí JP (Jerusalem Pilgrim, arìnrìnàjò Jerúsálẹ́mù) tí àwọn tí ó ti lọ ń kọ mọ́ orúkọ wọn: kò burú, kò sì wúlò.

* * *

Arákùnrin wa padà wá béèrè pé, "Ṣé kí n kúkú jókòó sílé ni?"

Rárá. Ẹ lọ sí ibi tí owó ọkọ̀ yín tó.

Ẹ wo Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Ayé sú u, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ, lẹ́yìn náà ni ó fi ogójì ọjọ́ rìn dé Hórébù. Níbẹ̀ ni a ti bi í pé kí ni ó ń ṣe níhìn-ín, a sì fún un láyè láti ro ẹjọ́ rẹ̀ dé òpin. Ó rò pé òun nìkan ni ó kù. Wọ́n sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún méje ṣì wà. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣe é ni pé yóò rò pé òun nìkan ni, nítorí pé ó jókòó sílé nígbà tí àwọn yòókù jáde.

Ògèrè kò jìnnà sí yín. Ibẹ̀ ni Josiah Ọ̀ṣìtẹ́lù ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní 1930, ibẹ̀ sì ni àjọ̀dún Òkè Tábórà ti ń wáyé ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, láti 1937, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ 13. Ìjọ mi yàtọ̀ sí tiwọn, àwọn nǹkan kan sì wà nínú ẹ̀kọ́ wọn tí n kò gbà. Ṣùgbọ́n ìjọ náà ti tàn dé Sàró àti Làìbéríà láti 1947, ó sì dé Gánà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn lókè òkun sì ń ka Ògèrè ní Rẹ́mọ sí ibi tí ó tọ́ kí wọ́n wá gbàdúrà. Bí ọkàn yín kò bá fẹ́ ibẹ̀, ẹ wá ìbátan kan tí ẹ ti pẹ́ rí, tí ara rẹ̀ kò yá, ní Ìṣarà tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tàbí níbikíbi, kí ẹ sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ mú ìyàwó yín dání. Ẹ má ṣe gbàdúrà iṣẹ́ ní ọjọ́ yẹn. Ẹ gbàdúrà fún ẹni tí ẹ lọ bá, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà gbàdúrà fún yín.

* * *

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Kánádà

Ẹ̀yin ni n óò dá lóhùn kẹ́yìn, Mọ̀mí, nítorí pé ẹ ní ẹ kì í lè sùn. Ẹ bi mí pé báwo ni ìyá ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nígbà tí ọmọ bá wà níbi tí ọwọ́ òun kò tó. Orin Dáfídì 121 ni ẹ ní ẹ ń kà lálaalẹ́. Ẹ má dá a dúró: ó ṣèlérí pé Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ rẹ mọ́, ó sì sọ pé ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, kì í sì í sùn. Ẹ̀yin lè sùn.

Ní ọ̀sán, ẹ ṣe èyí tí ó kan ọwọ́ yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ìjọ tí ó ń lọ níbẹ̀. Bí kò bá tíì rí ọ̀kan, ẹ ní kí àlùfáà yín bá yín wádìí ìjọ tí ó wà nítòsí rẹ̀. Kí ẹ sì gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nínú ìjọ náà, ẹni tí ẹ lè pè bí ti ọmọ yín kò bá lọ.